Ṣé Ìwé Ẹ̀rí Ni, àbí Ewú Orí?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ju ohun tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. A mú mẹ́fà nínú wọn. A ti yọ orúkọ kúrò, a sì gé àwọn tó gùn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 61 ni mí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí àwọn tọkọtaya ti ń gbé ẹjọ́ wọn wá sí pálọ̀ mi, ọ̀pọ̀ wọn ló sì padà wá dúpẹ́. Ìjọ wa ní kí n wá máa darí ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn. Ọmọ mi obìnrin tó gboyè másítà nínú iṣẹ́ yìí ní kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi tí ilé ayé kò tíì kọ́ mi?
*Ìyá Ìjọ, Ìbàdàn*

Ìyá wa, ohun tí ilé ayé kọ́ yín kò kéré. Ẹ mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tí owó oṣù bá dáwọ́ dúró. Ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ máa ń sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ìyàwó kì í gbàgbé. Ojú kì í tì yín láti gbọ́ ọ̀rọ̀ yàrá. Kò sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ padà wo gbólóhùn kan nínú lẹ́tà yín: “ọ̀pọ̀ wọn ló padà wá dúpẹ́.” Àwọn tí kò padà wá ńkọ́? Ẹni tí ìmọ̀ràn wa kò ṣe lóore kì í wá sọ fún wa, pàápàá tí a bá jù ú lọ. Yóò kúnlẹ̀ kí wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, yóò wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ̀n ọdún ṣe lè kọjá lórí àṣìṣe kan náà láìsí ẹni tó tọ́ka sí i.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn àgbà wa ni kí ìmọ̀ràn yára ju ọ̀rọ̀ lọ. Obìnrin kan jókòó, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, àgbà ti mọ ibi tó ń lọ, ó ní sùúrù ni baba ìwà. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ẹṣin ti gbé àgbà lọ, ẹni tó wá sọ̀rọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí kò tíì sọ, bóyá òun gan-an lọ̀rọ̀: pé ọkọ náà fún un lọ́rùn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwà ipá nínú ilé mọ fífún lọ́rùn sí ọ̀kan nínú àmì tó burú jù pé ọ̀rọ̀ náà lè di ikú. Ẹni tí a sọ “ṣe sùúrù” fún ní ìṣẹ́jú kẹta kò ní dé ibẹ̀ láé.

Ohun tí wọ́n máa kọ́ yín nìyí, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò láti ọ̀la. Ní ìjókòó àkọ́kọ́, ẹ má gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kankan. Ẹ gbọ́, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín sọ ohun tí ẹ gbọ́ padà fún un: “Bó ṣe yé mi nìyí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Tó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà yín lọ́wọ́ àṣìgbọ́ nìyẹn. Tó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín kí ẹ tó lanu. Ẹ yẹra fún “kí ló dé tí o fi ṣe báyẹn?” Lédè wa, ẹ̀sùn ni ìbéèrè yẹn, ẹni tí a bá bi í yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. “Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?” àti “Kí ló wá tẹ̀lé e?” ló ń mú ọ̀rọ̀ jáde. Tó bá jẹ́ tọkọtaya, ẹ rí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ẹ̀rù ẹnì kejì máa ń bà á. A kì í bi ìbéèrè yẹn lójú ẹni tó ń dẹ́rù bani.

Ìtàn ayé tiyín wà níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tètè yé yín. Nígbà tí “èmi náà, nígbà tí mo wà nílé ọkọ” bá ti ń yọ lẹ́nu yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ta ni ìtàn yìí fẹ́ tù nínú, òun ni àbí èmi? Tí ẹ bá máa sọ ọ́, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ẹ sì dá ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kíá.

Ọ̀rọ̀ àṣírí le ju bí ẹ ṣe rò lọ nínú ìjọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó wá pé ohun gbogbo dúró sọ́dọ̀ yín, àyàfi tó bá fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, tó bá fẹ́ pa ẹlòmíràn, tàbí tí ẹnì kan bá ń ṣe ọmọdé níkà. Ibi tí ó ti máa ń tú ni àdúrà. Ẹni tó bá dìde lálẹ́ ìṣọ́ òru, tó ní kí a rántí ilé arábìnrin lágbájá, ti tú àṣírí náà pẹ̀lú ojú pípadé. Ibi míì tó ti tún máa ń tú ni ọ́fíìsì pásítọ̀: “Ìyá, ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyẹn dé ibo?” Ẹ jẹ́ kí ìjọ fi ọwọ́ sí ìwé kí ẹ tó gba ipò náà, pé ẹnikẹ́ni kò ní béèrè. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín dípò orúkọ, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín nìkan.

Ẹni tó bá sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í gbangba: “Ṣé ó ti ṣe ọ́ bíi kí o gba ẹ̀mí ara rẹ?” Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lórí. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè bóyá ó ti ro bí òun yóò ṣe ṣe é, bóyá ohun tó fẹ́ lò sì wà nítòsí. Tí ìdáhùn méjèèjì bá tún jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìgbaninímọ̀ràn parí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ jẹ́ kí ẹbí mú ohun náà kúrò nílé, kí ẹ sì jọ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an: UCH wà nítòsí yín, Àrò sì wà ní Abẹ́òkúta. Àdúrà lè bá yín lọ nínú ọkọ̀.

Ọmọ yín gbà yín nímọ̀ràn tó dára, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jẹ́ yunifásítì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Problem Management Plus, tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn rí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gba bí ọjọ́ mẹ́jọ, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe é pẹ̀lú ènìyàn gidi lábẹ́ alábòójútó. Ìjókòó márùn-ún ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 90 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ò fẹ́ kí ìjọ yín náwó lé ni sẹ́mínà ọjọ́ méjì tí wọ́n ti ń pín sàtífíkéètì lọ́jọ́ kejì. Ní 2004, William Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú rẹ̀. Ohun tí àwọn tó lọ sí sẹ́mínà nìkan kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ dànù láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn tí ẹnì kan tún ń gbọ́ iṣẹ́ wọn, tó ń tọ́ wọn sọ́nà lẹ́yìn náà, ni tiwọn dúró.

Mo gbọ́ pé ìwádìí ti fi hàn pé ẹni tí kò níwèé ẹ̀rí ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa bí ẹni tó ní in. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, owó kí ni mo ń san ní yunifásítì fún ọmọ mi?
*Bàbá tó ń sanwó, Òṣogbo*

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́. Ní 1979, Hans Strupp àti Suzanne Hadley ti Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tí ìsoríkọ́ àti àníyàn ń dà láàmú sọ́dọ̀ oríṣi ènìyàn méjì: àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn olùkọ́ yunifásítì tí kò kọ́ iṣẹ́ náà rárá ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀ sí ọlọ́yàyà. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ìtura tí ọ̀wọ́ méjèèjì rí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lọ́dún yẹn náà, Joseph Durlak kó ìwádìí 42 jọ, ó ní àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò kẹ́yìn, pé nígbà míì wọ́n tiẹ̀ ń ta àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yọ. Ariwo sọ. Àwọn tó takò ó tọ́ka sí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn “tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́” yẹn ló ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sì wà lẹ́yìn wọn tó ń ṣọ́ wọn. Àwọn tó ń tan ìròyìn náà kiri kì í kà á dé ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù ni Harare, olú ìlú Zimbabwe. Ní 2005, ọ̀dọ́bìnrin kan tí Dókítà Dixon Chibanda ń tọ́jú gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kò rí dọ́là 15 tí yóò fi wọkọ̀ wá sí ọsibítù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, dókítà náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní àdúgbò Mbare pẹ̀lú ìyá àgbà 14. Bẹ́ǹṣì onígi kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn ni gbogbo ohun èlò wọn. Bẹ́ǹṣì ìlera ọpọlọ ló kọ́kọ́ fẹ́ pè é. Àwọn ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó máa jókòó sórí ẹ̀, kó pè é ní bẹ́ǹṣì ọ̀rẹ́. Dípò orúkọ àìsàn inú ìwé, wọ́n lo ọ̀rọ̀ Shona tí gbogbo ọjà mọ̀, *kufungisisa*, ríronú jù, bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé àròkàn ń bá ènìyàn jà. Ewú orí ló mọ ìyẹn. 

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi lé àwọn ìyá náà lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè 14 lédè Shona, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn wọn. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, *kuvhura pfungwa*, *kusimudzira*, *kusimbisa*: ká ṣí ọkàn, ká gbé e sókè, ká fún un lókun. Ẹni tó wá yóò to gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, yóò mú ẹyọ kan ṣoṣo, wọn yóò jọ wá ọ̀nà àbáyọ bí wọ́n bá ṣe lè pọ̀ tó, yóò fúnra rẹ̀ mú ọ̀kan, yóò lọ ṣe é, yóò padà wá jábọ̀. Ìjókòó mẹ́fà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju bẹ́ǹṣì lọ, wọ́n fà á lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ ni yíyan ìṣòro àti dídá ètò. Ẹni tó wá sábà máa ń fẹ́ mú èyí tó tóbi jù, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó ṣeé ṣí nídìí lọ́sẹ̀ yìí ló yẹ kó mú. “Mo máa wá iṣẹ́” kì í ṣe ètò. “Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo bá ti mú ọmọ dé iléèwé, mo máa lọ bá ìyá aláṣọ tó ń wá ẹni tí yóò bá a tajà” ni ètò.

Wọ́n dán an wò pẹ̀lú ènìyàn 573 ní ilé ìwòsàn 24, kèké ni wọ́n fi pín in, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2016. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí 9 ó kéré tán nínú ìbéèrè 14 yẹn ni wọ́n gbà wọlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4. Àwọn yòókù ṣì wà ní nǹkan bíi 9. Ní ìgbèríko Rawalpindi ní Pakistan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera obìnrin tí kò kàwé ju girama lọ ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ìyá ọmọ tuntun tó ní ìsoríkọ́. Nígbà tí Atif Rahman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008, ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì ní ìsoríkọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí ti àwọn tí kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ jẹ́ 53.

Kí àwọn tó ń fi ọdún yangàn má tíì yọ̀ o. Ní 2016, Simon Goldberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn 170 lórí ènìyàn 6,591, láti mọ̀ bóyá bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ọwọ́ wọn ń dán sí i. Lápapọ̀, èsì wọn tiẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn yẹn níwèé ẹ̀rí, wọ́n sì ní ìrírí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí kan náà ni pẹ̀lú ti Ìyá Ìjọ: ẹni tí a kò ràn lọ́wọ́ kì í padà wá sọ ọ́.

Bàbá, owó tí ẹ ń san yóò ra ohun tí bẹ́ǹṣì kò ní. Ọmọ yín yóò kọ́ bí a ṣe ń dá ìsoríkọ́ lásán mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ayọ̀ àṣejù yóò tún gbé lóṣù tó ń bọ̀, tí kò sì ní sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Yóò mọ ìgbà tí ìyá ọmọ tuntun tó ń gbọ́ ohùn nílò ọsibítù lóru náà. Yóò lè kọ́ àwọn ìyá àgbà níṣẹ́, kó sì máa ṣọ́ wọn. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ìlera ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Àrò ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí láàárín àwọn ará abúlé, dókítà àti oníṣègùn ìbílẹ̀ sì jọ ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn àti Kumasi ní Ghana, tó jáde ní 2020, rìn lọ́nà kan náà: òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá àwọn oníṣègùn àti àwọn aládùúrà ní ibùdó wọn, ara àwọn aláìsàn sì yá ju ti àwọn tí a fi sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ yunifásítì ọmọ yín kí ẹ tó san owó tó kù: wákàtí mélòó ló máa jókòó pẹ̀lú ènìyàn gidi kó tó gboyè, ta sì ni yóò máa gbọ́ ọ? Tí wọ́n bá ń kólòlò, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

Ẹni ọdún 26 ni mí, mo ní M.Ed. nínú Guidance and Counselling. Tí tọkọtaya bá ti rí mi, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi mí ni: “Ṣé ìwọ náà ti gbéyàwó?” Báwo ni mo ṣe lè dáhùn?
*Ọmọ ìwé, Ìlọrin*

Sọ òótọ́, kó sì kúrú. “Rárá o, mi ò tíì gbéyàwó. Ó lè máa ṣe yín bíi pé ọ̀rọ̀ yín ò ní yé mi. Ẹ jẹ́ ká jókòó lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ fún mi bóyá ó wúlò.” Má nawọ́ sí ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri. Ẹni tó béèrè kò sọ pé o ò kàwé. Ohun tó ń bẹ̀rù ni kó tú ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọmọdé.

Kí wọn bó ṣe yẹ kí a kí àgbà, lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó jókòó. Kí o tó wọ ọ̀rọ̀ yàrá, tọrọ àyè: “Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè tó kàn yìí kò yẹ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni.” A ti rí i pé gbólóhùn yẹn ń ṣí ilẹ̀kùn ju oyè lọ. Òwe, bó bá di dandan, fi “tótó ó ṣe bí òwe” sí i, ṣùgbọ́n ó sàn kí o fi òwe sílẹ̀ fún wọn.

Àìsàn tìrẹ yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà. Wọ́n ń yára sí ìmọ̀ràn. Ìwọ ń yára sí orúkọ àìsàn. Obìnrin kan ní òun ò sùn dáadáa, o ti ń wá ojú ìwé tó wà. Oògùn rẹ̀ ni kí o lọ jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ ní òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta, ní ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní gbangba. Gbọ́ bí ọkọ ṣe ń rò ó, gbọ́ bí ìyàwó ṣe ń rò ó, kí o wo ibi tí owó, ọmọ àti ẹbí ti ń wọ̀ ọ́. Kò sí ìwé tó ní gbogbo ìyẹn. Iṣẹ́ tìrẹ gan-an, láti ọwọ́ oníṣẹ́ oríṣiríṣi ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1959, àwọn ìyá ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe nǹkan bí ogún ènìyàn láti ẹnu iṣẹ́ lóríṣiríṣi wá bá ọmọbìnrin 60 tó ń jáde ìwé sọ̀rọ̀. 54 nínú wọn ló rí iṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn, CASSON, kò dé títí di 1976.

Ṣé mo lè máa pe ara mi ní therapist lórí Instagram? Mo ti ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí fóònù.
*Ẹ̀gbọ́n àwọn àbúrò, Lékkí*

Rárá. Pe ara rẹ ní ohun tí o kọ́, kí o kọ iye ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí i.

Mo ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún 49, mi ò ní dìgírì. Mo fẹ́ di counsellor níbí. Ṣé ọjọ́ orí mi kò tíì pọ̀ jù? Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?
*Ìyá Ìbejì*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ọjọ́ orí yín bá a mu, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Bìrìtìkó sábà máa ń ti dàgbà. Dìgírì kò sì pọn dandan. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò: Level 2 ní ìrọ̀lẹ́, Level 3, lẹ́yìn náà Level 4 Diploma, tó sábà ń gba ọdún méjì tí ẹ bá ń ṣe é pẹ̀lú iṣẹ́. Ìkẹta yìí ni iṣẹ́ gidi. BACP, ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn ní Bìrìtìkó, béèrè pé kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní wákàtí 100 ó kéré tán tí ẹ fi jókòó pẹ̀lú ènìyàn gidi, lábẹ́ alábòójútó. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì tún ń béèrè pé kí ẹ̀yin náà lọ jókòó sọ́dọ̀ counsellor, lówó yín. Owó yẹn ni àwọn ènìyàn kì í kà mọ́ ìṣirò, òun àti owó alábòójútó. Òun ló sì ń dá wọn dúró ní ọdún kejì.

Ẹ ṣọ́ra fún kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pe ara rẹ̀ ní diploma láìsí ẹni kankan tí ẹ máa jókòó tì. Òfin Bìrìtìkó kò dáàbò bo orúkọ “counsellor” tàbí “psychotherapist”, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ fi ń tà. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ kì í gbà á. Àwọn orúkọ bíi “clinical psychologist” àti “counselling psychologist” lófin ń ṣọ́, nípasẹ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá wọ BACP tán, àbójútó kò dópin: wákàtí kan àbọ̀ lóṣù ó kéré tán, ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá gba placement, ibi tí ẹ ti máa fi iṣẹ́ kọ́ṣẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ má gba ẹni tí ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà. Peckham kéré ju bó ṣe rí lọ.

(Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Houston má fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, másítà ni ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń béèrè láàárín wákàtí 2,000 sí 4,000 lábẹ́ alábòójútó kí wọ́n tó fún un ní láísẹ́ǹsì.)

Ó pé ọdún mẹ́rin tí mo ti fi ọtí sílẹ̀, Ọlọ́run ló ṣe é. Ibùdó kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń mutí àti oògùn olóró fẹ́ gbà mí síṣẹ́ agbaninímọ̀ràn. Wọ́n ní ìrírí mi tó. Ṣé ó tó lóòótọ́?
*Ẹni tó ti jáde, Abẹ́òkúta*

Ẹ kú oríire ọdún mẹ́rin, arákùnrin wa. Ìrírí yín yóò ṣe ohun kan tí ìwé kò lè ṣe: ẹni tó ń purọ́ fún dókítà kì í rí bí yóò ṣe purọ́ fún yín. Alcoholics Anonymous bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Akron, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1935, láti ọwọ́ ọ̀mùtí méjì tó jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ ìgò.

Kò tó, àti pé apá ibi tí kò tó yẹn lè pa ènìyàn. Bóyá ẹ̀yin dá ọtí dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì já sí rere. Ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48 lẹ́yìn ife tó mu kẹ́yìn. Láàárín wákàtí 48 sí 96, ọkàn rẹ̀ lè dàrú: yóò máa rí ohun tí kò sí, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò máa gbóná, ó sì lè kú. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ ìtàn yín fún ẹnikẹ́ni, ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ọwọ́ rẹ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ kí o tó mu? Ṣé o ti gbìyànjú àtidá a dúró rí tí gìrì mú ọ, tàbí tí o ń rí nǹkan? Ṣé o tún ń lo oògùn oorun mọ́ ọn? Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo, dókítà ló kàn. Ẹ má jẹ́ kí ibùdó kankan fi ààwẹ̀ tàbí ẹ̀wọ̀n rọ́pò rẹ̀.

Fún àwọn tó ń lo tramadol tàbí kodéènì, ewu rẹ̀ wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìlò ó, ara kò lè gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ṣubú padà, tó sì lo iye àtijọ́, lè má jí. Ẹ sọ ìyẹn fún òun àti ẹbí rẹ̀ kó tó fi ibùdó sílẹ̀, láìdẹ́rù bà á, kó sì yé wọn dáadáa.

Ẹ pinnu àga tí ẹ máa jókòó lé. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọtí sílẹ̀, ẹlẹgbẹ́ ni yín, ẹ lè sọ ìtàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ kò sì gbowó. Ní ibùdó, òṣìṣẹ́ ni yín, ìtàn yín di nǹkan tí a ń bù lò. Àṣìṣe tó máa kọ́kọ́ wá ni “bí mo ṣe ṣe é nìyí, ìwọ náà ṣe é bẹ́ẹ̀.” Àdúrà ló gba ọ̀kan, iṣẹ́ tuntun ló gba ẹlòmíràn, ẹni kẹta kó kúrò ládùúgbò. Tí ẹni tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ bá kọ ọ̀nà tiyín, tí inú sì bí yín, ẹ ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ti bọ́ sórí ti ara yín.

Ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ibùdó náà kí ẹ tó gba iṣẹ́: orúkọ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ẹ lè pè lóru, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa san owó rẹ̀, àti alábòójútó tí yóò bá yín jókòó fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Òórùn ọtí tó wà lẹ́nu ẹni tó wá yóò dé imú yín, àwọn ìtàn kan yóò sì mú òùngbẹ dé. Ẹ ní ẹnì kan lẹ́yìn ibi iṣẹ́ tí ẹ máa pè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó délé. Ẹ má yá ẹni tí ẹ ń tọ́jú lówó, ẹ má sì gbà á sílé yín, bó ti wù kó sunkún tó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan wà tí ẹ kò fẹ́ kí alábòójútó yín gbọ́, ẹ pè é lọ́jọ́ náà.